Báwo la ṣe lè kọ́ àwọn ọmọdé ní ìtàn OS kọ̀ǹpútà kí ó sì yé wọn?

Tíṣà Kíláàsì Karùn-ún

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìtàn ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní OS, ni mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ọdún 9 sí 12. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni, ìṣẹ́jú 40 lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ 30 ni wọ́n, láptọ́ọ̀pù méjì péré ló wà, iná kì í dúró, dátà sì wọ́n. Ìwé tó wà nílẹ̀ kò ju orúkọ àti ọdún lọ: Unix 1969, MS-DOS 1981, Windows 1985. Bí ọmọ bá há a sórí lónìí, á ti gbàgbé rẹ̀ kó tó di ọ̀la. Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe lè ṣe é kó yé wọn? Ẹ bá mi fi ohun tí wọ́n lè fọwọ́ ara wọn ṣe sí i.

Bàbá Kóòdù

Ẹ kú akitiyan, Tíṣà. Ẹ má fi orúkọ bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì fi ọdún bẹ̀rẹ̀. Ìṣòro ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo OS wọ̀nyí tó dédé yọjú. Ohun kan ló ń ni àwọn èèyàn lára tí wọ́n fi ṣe é. Bí ọmọ bá ti mọ ohun tó ń ni wọ́n lára, ọdún á rí ibi dúró sí lórí rẹ̀.

Kí wọ́n tó gbọ́ ìtàn kankan, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ tí OS ń ṣe. Ìyálójà ni àfiwé tó ń yá wọn lọ́pọlọ jù. Àwọn ọlọ́jà ni áàpù, ìsọ̀ ni mẹ́mọ́rì. Ìyálójà kọ́ ló ń ta gaàrí, òun kọ́ ló ń ta ata, ṣùgbọ́n òun ló ń pín ìsọ̀, òun ló ń sọ ẹni tó kàn, òun ló sì ń là wọ́n bí méjì bá ń du ààyè kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n dárúkọ ohun tí OS inú fóònù ń pín: mẹ́mọ́rì, àkókò prósẹ́sọ̀ (apá tó ń ṣe ìṣirò), ààyè tí à ń kó fáìlì sí, àti ohun èlò bíi kámẹ́rà àti skíríìnì. Ó tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe OS ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ọ̀la ni ẹlòmíì á sọ fún wọn pé prósẹ́sọ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà, méjèèjì á sì dàpọ̀ mọ́ wọn lójú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bi wọ́n pé: bí kò bá sí ìyálójà rárá ńkọ́? Bí ENIAC ṣe rí nìyẹn, ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ tán ní 1945 ní Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Vacuum tube inú rẹ̀, ìyẹn ìgò kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ swíìṣì, lé ní 17,000, ìwọ̀n rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 27, kò sì ní OS kankan. Bí wọ́n bá fẹ́ kó ṣe ìṣirò mìíràn, àwọn èèyàn ló ń tú wáyà tí wọ́n ń tún un so, tí wọ́n ń yí àwọn swíìṣì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí wọ́n tó tò ó tán fún iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ dárúkọ àwọn obìnrin mẹ́fà tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà fún àwọn ọmọ: Kathleen McNulty, Jean Jennings, Betty Snyder, Marlyn Wescoff, Frances Bilas àti Ruth Lichterman. Ó yẹ kí àwọn ọmọbìnrin kíláàsì náà gbọ́ ọ.

Àǹtí Àṣàkẹ́

Mo fara mọ́ ohun tí Bàbá Kóòdù sọ. Eré káàdì rèé fún ọ̀sẹ̀ kìíní, kò nílò iná, kò nílò dátà.

Ohun tí ẹ ó lò: páálí tí ẹ gé sí káàdì 40, àpótí bàtà kan, aago kan, gègé àti ìwé. Ẹ kọ ìṣirò kan sórí káàdì kọ̀ọ̀kan, irú bíi 17 + 26. Ọmọ kan ni kọ̀ǹpútà, ó jókòó síwájú. Ọmọ kejì ni òṣìṣẹ́ tó ń bọ́ kọ̀ǹpútà.

Ìpele kìíní: ọmọ mẹ́wàá, kí kálukú dìde lórí ìjókòó rẹ̀, kó mú káàdì tirẹ̀ wá, kó dúró gba ìdáhùn, kó padà jókòó, kí ẹni tó kàn tó dìde. Ẹ ka aago láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ tún ka iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà fi jókòó lásán tó ń retí ẹni tó ń bọ̀. Ibi tí owó ń ṣòfò sí nìyẹn láyé ìgbà náà, torí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ju owó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lọ.

Ìpele kejì: òṣìṣẹ́ á gba káàdì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀, á kó wọn léra sínú àpótí, kọ̀ǹpútà á máa ṣe wọ́n tẹ̀ léra láìdúró. Kò sẹ́ni tó máa rí ìdáhùn àfi tí gbogbo rẹ̀ bá parí. Ẹ tún ka aago. Á yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, àwọn ọmọ á sì rí ìdí rẹ̀. OS àkọ́kọ́ tó ṣe irú èyí ni GM-NAA I/O ní 1956. General Motors àti North American Aviation ló jọ ṣe é fún kọ̀ǹpútà IBM 704. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ni ọ̀kan, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni ìkejì. Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ló ṣe é, kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó tà á.

Ẹ wá fi káàdì méjì tó lábùkù sáàárín láìsọ fún wọn. Ẹ kọ 17 + láìsí nọ́ńbà kejì sórí ọ̀kan. Ọmọ tó ni ín kò ní mọ̀ pé àṣìṣe wà títí gbogbo àpótí fi máa tán, bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì rí fún àwọn onímọ̀ ìgbà náà: wọ́n lè fi káàdì sílẹ̀ láàárọ̀ kó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó mọ̀ pé kọ́mà kan ló sọnù. Ẹ kọ "ka nọ́ńbà láti 1 lọ, má dúró" sórí ìkejì. Kọ̀ǹpútà á há síbẹ̀, àwọn tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ẹ má dá sí i kíákíá. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó yẹ ká ṣe. Ọmọ kan á sọ pé kí á fún un ní àkókò, tí àkókò bá pé kí á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Títí dòní ni aago bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ.

Ìpele kẹta: ẹ ṣẹ́wọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí ọwọ́ bá ti dún, kọ̀ǹpútà á gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bó ti wù kó rí, á mú káàdì tó kàn. Èyí ni pínpín àkókò. CTSS, OS tó ń pín àkókò báyìí, ni wọ́n fi hàn àwọn èèyàn ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ní 1961, Fernando Corbató ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Olúkúlùkù jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀, ó dà bíi pé òun nìkan ló ni ẹ̀rọ.

Ohun méjì ló máa ń bà á jẹ́. Ìkíní, ọmọ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà á gbàgbé ibi tó bá iṣẹ́ dé. Ẹ fún un ní ìwé pélébé fún káàdì kọ̀ọ̀kan kó máa kọ ibi tó dúró sí. Ohun tí OS ń ṣe gan-an nìyẹn kó tó yí sórí áàpù mìíràn. Ìkejì, bí ẹ bá ń ṣẹ́wọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, gbogbo àkókò á lọ sórí gbígbé káàdì sílẹ̀ àti mímú òmíràn, iṣẹ́ kankan kò ní parí. Ẹ dán ìyẹn náà wò pẹ̀lú wọn, ó wúlò.

Ẹ̀rọ Àtijọ́

Àǹtí Àṣàkẹ́, ẹ ṣeun. Ẹ fi èyí kún CTSS: àárín àwọn tó jọ ń lo ẹ̀rọ kan ni páásìwọọ̀dù ti bẹ̀rẹ̀, torí wọn kò fẹ́ kí ẹnì kan ka fáìlì ẹlòmíì. Ní 1966, gbogbo ẹni tó wọlé sórí ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ kan bá páásìwọọ̀dù gbogbo ayé níwájú rẹ̀. Ohun tó fà á ni pé alábòójútó méjì ń ṣe àtúnṣe fáìlì nígbà kan náà. Ọ̀kan ń tún ìkíni ọjọ́ náà kọ, ìkejì ń tún ìwé páásìwọọ̀dù kọ. Prógíráàmù tí wọ́n fi ń kọ ọ́ máa ń ṣí fáìlì onígbà díẹ̀, orúkọ kan náà ló sì ń fún un nígbà gbogbo. Bí fáìlì méjèèjì ṣe pààrọ̀ ara wọn nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ méjì kọ ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sínú ìwé tí orúkọ ara rẹ̀ jọra, kí ọmọ kẹta kó wọn padà sáyè wọn. Á yé wọn ìdí tí OS òde òní kò fi gbà kí fáìlì méjì jẹ́ orúkọ kan nínú fódà kan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Tech

Ẹ má fo Apollo o. Ọjọ́ 20 oṣù Keje 1969, bí Apollo 11 ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sórí òṣùpá, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ gbé nọ́ńbà 1202 jáde. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iṣẹ́ ti pọ̀ ju ààyè lọ. Rádà kan tí kò yẹ kó máa dá sí i lákòókò náà ló ń jí àkókò prósẹ́sọ̀. Mẹ́mọ́rì tí ẹ̀rọ náà lè kọ nǹkan sí tí ó sì lè pa á rẹ́ kò ju 2,048 ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ (ìyẹn ààyè fún nọ́ńbà) lọ. Ṣùgbọ́n apá tó ń pín iṣẹ́ nínú rẹ̀, Executive tí Hal Laning ṣe ètò rẹ̀, mọ èyí tó ṣe pàtàkì. Ó da gbogbo rẹ̀ nù, ó tún bẹ̀rẹ̀ kíákíá, ó sì gbé àwọn tó jẹ mọ́ ìsọ̀kalẹ̀ nìkan padà. Margaret Hamilton ló di olórí àwọn tó kọ prógíráàmù ọkọ̀ náà.

Fún eré rẹ̀: ẹ fa àpótí márùn-ún sára pátákó. Káàdì mẹ́jọ, mẹ́ta ni ẹ fi pupa sàmì sí. Ẹ máa fi wọ́n sínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àpótí bá kún tí òmíràn tún dé, ẹ lu agogo, ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò, ẹ dá àwọn pupa nìkan padà. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ tó.

Bàbá Kóòdù

Ó dára, àmọ́ ìṣẹ́jú 40 kì í pẹ́ tán. Bí a bá fi Apollo kún un, ohun kan gbọ́dọ̀ kúrò. Èmi á yọ àwòrán ìran Unix tó kún inú ìwé, èyí tó ní ẹ̀ka 20. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kò rí nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹ̀.

Ohun méjì péré ni mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ nípa Unix. Ìkíní, ìdí tó fi wáyé. MIT, General Electric àti ilé ìwádìí Bell Labs jọ ń ṣe OS ńlá kan tó ń jẹ́ Multics. Ó wúwo, ó sì ń pẹ́, Bell Labs bá yọwọ́ ní 1969. Ken Thompson tó wà ní Bell Labs wá bẹ̀rẹ̀ èyí tó kéré lórí ẹ̀rọ PDP-7, òun àti Dennis Ritchie. Ìkejì, kí ìgbà náà tó dé, èdè ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń kọ OS rẹ̀. Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ tuntun, ẹ ó tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1973 wọ́n fi èdè C tí Ritchie ṣe tún Unix kọ, láti ìgbà náà ló ti ṣeé gbé láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀.

Ìṣirò kan wà tí àwọn ọmọ máa ń fẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1970 ni Unix ti ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ fi bit 32 pamọ́ fún un (bit ni ààyè kan tó lè jẹ́ 0 tàbí 1), nọ́ńbà tó tóbi jù níbẹ̀ sì ni 2,147,483,647. Ẹ ní kí wọ́n fi 60 pín in, kí wọ́n tún fi 60 pín in, lẹ́yìn náà 24, lẹ́yìn náà 365.25. Wọ́n á rí nǹkan bí ọdún 68. Fi kún 1970, ó di 2038. Ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún náà, aago mẹ́rin òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú àáyá 7 ní àkókò Nàìjíríà, aago irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á kún, á sì fò padà sí oṣù Kejìlá 1901. Àwọn ẹ̀rọ tó ń lo bit 64 bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣírò ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n máa jẹ́ nígbà náà.

Dísìkì A

DOS, ìyẹn MS-DOS inú ìwé yín, ni ọ̀sẹ̀ kẹta. Láptọ́ọ̀pù méjì tó, bí àwùjọ mẹ́fà ọlọ́mọ márùn-ún bá ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn ní ìṣẹ́jú 12, tí àwọn tó kù ń ṣe iṣẹ́ ìwé.

Ẹ lo DOSBox, prógíráàmù tó ń mú kí kọ̀ǹpútà òde òní ṣe bíi ti DOS. Ọ̀fẹ́ ni, kò tó MB márùn-ún, ẹ lè fi fílááṣì gbé e sórí láptọ́ọ̀pù kejì, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà á wálẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dá fódà òfìfo kan sílẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù, ká ní `c:\dosomo`. Ẹ ṣí DOSBox, ẹ tẹ:

`mount c c:\dosomo`
`c:`
`md ile`
`cd ile`
`echo Mo wa ni ile > iwe.txt`
`dir`
`type iwe.txt`
`ren iwe.txt leta.txt`
`del leta.txt`

Ẹ tẹ Enter lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan. Kò sí àwòrán kankan, kò sí ohun tí wọ́n máa fi ìka tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó síwájú skíríìnì dúdú náà díẹ̀ kí ẹ tó fún wọn ní ìwé àṣẹ wọ̀nyí. Ohun tó ń ni àwọn aráyé lára ní 1981 nìyẹn: o gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ tí o máa sọ kí ẹ̀rọ tó dá ọ lóhùn. Bí wọ́n bá ṣi lẹ́tà kan kọ, DOSBox á ní "Illegal command", kò sì ní sọ ohun tó tọ́.

Àwọn ohun tó máa ń yọni lẹ́nu:

Ẹ má ṣe mount (ìyẹn, fún DOSBox ní) gbogbo `c:\` láéláé. Fáìlì gidi ni `del` ń pa, kò sí àpò ìdọ̀tí tí ẹ máa lọ tú. Fódà òfìfo nìkan ni kí ẹ fún wọn.

Bí máósì bá há sínú fèrèsé DOSBox, Ctrl pẹ̀lú F10 ló ń tú u sílẹ̀.

Lórí láptọ́ọ̀pù tí wọ́n kó wá láti ìlú Òyìnbó, UK pàápàá, `\` lè máà jáde ní bọ́tìnnì tirẹ̀. Ẹ tẹ `keyb uk`, á bọ̀ sípò.

Orúkọ fáìlì kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ, àmì ìdúró, lẹ́yìn náà lẹ́tà mẹ́ta. Bí ọmọ bá kọ `akojopoiwe.txt`, DOS á gé e di `AKOJOPOI.TXT`. Ẹ ní kí wọ́n gé orúkọ ara wọn sí lẹ́tà mẹ́jọ kí wọ́n sì wò ó bóyá ti ẹnì kan bá ti ẹlòmíì mu. Ní kíláàsì tí Oluwaseun, Oluwatobi àti Oluwafemi wà, `OLUWASEU`, `OLUWATOB` àti `OLUWAFEM` yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n Oluwafemi àti Oluwafemisola á kọlu ara wọn, èyí tó bá kẹ́yìn dé á sì bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀.

Wọ́n á béèrè ìdí tó fi jẹ́ C, tí kì í ṣe A. A àti B jẹ́ ti ihò dísìkì pẹlẹbẹ. IBM PC tó jáde ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ 1981 lè ní méjì, kò sì ní hard disk. Ìgbà tí PC XT dé ní 1983 pẹ̀lú hard disk MB 10 ni lẹ́tà C bọ́ sí i lọ́wọ́, ọdún yẹn náà ni DOS 2.0 kọ́kọ́ ní fódà. Dísìkì ti pòórá, C ṣì wà lórí Windows títí dòní.

Ẹ bá wọn tún èyí ṣe pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ ọmọ gbà pé Bill Gates ló jókòó kọ DOS. Tim Paterson ló kọ ọ́ ní Seattle Computer Products ní 1980, ó sì tẹ̀ lé ìlànà CP/M, OS kan tí Gary Kildall ti ṣe ṣáájú. Microsoft rà á, wọ́n ṣe àtúnṣe sí i, wọ́n fún IBM láṣẹ láti lò ó, ṣùgbọ́n wọ́n di ẹ̀tọ́ àtità á fún àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn mú. Ibẹ̀ ni ọrọ̀ wọn ti wá. Ó yẹ kí ọmọ mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó kọ nǹkan àti ẹni tó tà á.

Àǹtí Àṣàkẹ́

Lẹ́yìn skíríìnì dúdú, àwòrán ló kàn. Ẹ ṣe é ní ṣókí: ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 1968, Douglas Engelbart fi máósì hàn ní San Francisco. 1973, Xerox ṣe Alto tó ní fèrèsé àti àwòrán. Ọjọ́ 24 oṣù Kìíní 1984, Macintosh ti Apple. Ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá 1985, Windows 1.0, tí fèrèsé rẹ̀ kò lè gorí ara wọn, ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń tò sí. Windows 95 ló mú bọ́tìnnì Start wá.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí ni àwọn àwòrán kéékèèké orí Macintosh, tí Susan Kare yà. Ojú ilé 32 lọ́nà 32 ni, dúdú tàbí funfun, kò sí eérú láàárín. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé aláṣìírò, ìyẹn gíráàfù. Bí ojú ilé kan bá jẹ́ ìdajì sẹ̀ǹtímítà, àwòrán náà á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 16 níbùú àti lóròó. Kí wọ́n ya ohun tó dúró fún iṣẹ́ kan: fi pamọ́, parẹ́, tẹ̀ jáde, ṣí. Wọn ò gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà kí ẹlòmíì wò ó kó sọ iṣẹ́ tó dúró fún. Bí wọ́n bá sọ ọ́ nù, kí ó tún un yà.

Wọ́n á fẹ́ kun ìdajì ojú ilé. Ẹ má gbà fún wọn. Ìlà tó dagun á ṣe gbágungbàgun, ẹ jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀, bó ṣe rí lórí ẹ̀rọ nìyẹn. Fún àwọn ọmọ ọdún 9, ojú ilé 16 lọ́nà 16 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, 32 máa ń sú wọn kó tó parí.

Fún àwọn tó fẹ́ràn ìṣirò: 32 lọ́nà 32 jẹ́ 1,024. Bit kan ni ojú ilé kọ̀ọ̀kan, bit mẹ́jọ jẹ́ byte kan, nítorí náà àwòrán kan gba byte 128. Macintosh àkọ́kọ́ ní mẹ́mọ́rì KB 128. Àwòrán 1,024 péré ló máa kún un bámúbámú.

Àmì Ohùn

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ nípa lẹ́tà tiwa pẹ̀lú. Àmì 128 ló wà nínú ASCII, ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, tí DOS gbé karí, kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó kọ àṣẹ fún DOSBox lókè fi kọ "Mo wa ni ile" láìsí àmì. Windows 95 ní ojú ààyè 256, àwọn lẹ́tà tiwa kò sí níbẹ̀ síbẹ̀. Àwọn tó ń tẹ ìwé Yorùbá wá ṣe fọ́ǹtì àdáni, wọ́n fi ẹ sórí nọ́ńbà àmì mìíràn. Bí ẹ bá gbé ìwé náà lọ sórí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì yẹn, gbogbo ẹ á di ìràwọ̀ tàbí àmì owó. Ọ̀pọ̀ fáìlì àtijọ́ ṣì wà bẹ́ẹ̀.

Unicode tó jáde ní 1991 ló fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀: ẹ ni 1EB9, ọ ni 1ECD, ṣ ni 1E63. Windows NT ti ń lò ó láti 1993, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé kò rí i lò àfi ìgbà tí XP dé ní 2001, torí orí NT ni wọ́n kọ́ XP lé. Ẹ ní kí wọ́n ṣe èyí lórí fóònù: kí wọ́n tẹ ẹ̀, kí wọ́n sì pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú ọ̀pọ̀ áàpù, àmì ohùn nìkan ló máa lọ, ẹ á ṣẹ́ kù. Nọ́ńbà méjì ni OS fi pa á mọ́, ti ẹ àti ti àmì ohùn. Bí wọ́n bá tẹ é, ẹ̀ẹ̀kan ló máa lọ, torí é ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dá dúró.

Pẹngúínì

Ti fóònù: ní oṣù Kẹjọ 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Helsinki, kéde pé òun ń ṣe OS kan gẹ́gẹ́ bí ohun ìgbafẹ́, pé kò ní tóbi. Linux ló dà. Ó fi kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè tún un ṣe, àwọn irinṣẹ́ GNU tí Richard Stallman ti kéde láti 1983 sì bá a mu. Google ra Android ní 2005, fóònù Android àkọ́kọ́, HTC Dream, jáde ní 2008, Linux ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i fúnra wọn: Settings, About phone, lẹ́yìn náà ẹ wá Kernel version, ìyẹn nọ́ńbà apá àárín gbùngbùn OS. Lórí àwọn fóònù kan, abẹ́ Android version tàbí Software information ló wà. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4, 5 tàbí 6 tí wọ́n á rí níbẹ̀ jẹ́ ti Linux. Fóònù mẹ́rin láàárín kíláàsì tó, kí wọ́n kọ nọ́ńbà wọn sórí pátákó kí wọ́n fi wéra.

Ẹ ṣọ́ra fún gbólóhùn kan tó wọ́pọ̀: "ọmọ Unix ni Linux". Kì í ṣe kóòdù Unix ni Linus mú, ìlànà rẹ̀ ló tẹ̀ lé. Ti iPhone yàtọ̀, torí ẹ̀ka Unix tó ń jẹ́ BSD ni apá kan OS rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, látọwọ́ ilé iṣẹ́ NeXT tí Apple rà.

Tíṣà Kíláàsì Karùn-ún

Mo dúpẹ́ púpọ̀, gbogbo yín pátá. Mo ti to ó báyìí: ENIAC àti káàdì, pínpín àkókò àti Apollo, DOS, àwòrán àti fóònù. Ó ku ìbéèrè kan tí mo mọ̀ pé wọ́n máa bi mí: bí iná bá lọ lójijì, kí ló dé tí fáìlì fi máa ń bàjẹ́, kí ló sì dé tí a kì í kàn án yọ fílááṣì?

Ẹ̀rọ Àtijọ́

Torí pé dísìkì lọ́ra ju mẹ́mọ́rì lọ. Bí ẹ bá ní kí OS fi nǹkan pamọ́, ó lè kọ́kọ́ dì í mú nínú mẹ́mọ́rì, kó tó kọ ọ́ sórí dísìkì láìpẹ́. Bí iná bá lọ láàárín, ìdajì ti wọlé, ìdajì ti sọnù, ìwé àkójọ ibi tí fáìlì wà kò sì bá ohun tó wà nílẹ̀ mu mọ́.

NTFS, ètò ìtọ́jú fáìlì tó bá Windows NT dé ní 1993, ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan kó tó ṣe é. Linux náà gba irú rẹ̀ pẹ̀lú ext3 ní 2001. Fún eré rẹ̀: ọmọ kan kọ "mo fẹ́ yí ìlà 5 padà" sórí ìwé pélébé, ó lọ yí i padà lórí pátákó, ó padà wá fa igi lé ọ̀rọ̀ náà. Ẹ pariwo "iná ti lọ!" níbikíbi tó bá dé. Ọmọ kejì tí kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ á wọlé, á ka ìwé pélébé, á sì mọ̀ bóyá iṣẹ́ kù. Lẹ́yìn náà ẹ tún un ṣe láìsí ìwé pélébé, ẹ wò ó bóyá ọmọ kejì á mọ ohun tó ṣẹ́ kù.

Púpọ̀ nínú fílááṣì ń lo FAT32 tàbí exFAT, wọn kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Fún èyí tí ẹ ó fi gbé DOSBox kiri, ẹ tẹ Safely Remove kí ẹ tó yọ ọ́. Bí ó bá ní áàpù kan ṣì ń lò ó, ẹ tẹ `exit` nínú DOSBox, ẹ ti fódà fílááṣì tó wà ní ṣíṣí, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ tún un tẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti kú tó sì jẹ́ pé ojú iná nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ẹ má lò ó fún apá yìí, àfi bí ẹ bá ní inverter.